Ẹ sọ tiyín: kí lẹ fojú rí nídìí ọtí ní yunifásítì?

Ọmọ Pàkátà: Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ilé àlùfáà ni wọ́n bí mi sí n'Ílọrin, mi ò mọ bíà yàtọ̀ sí stout títí mo fi gba yàrá ní Tanke. Ọdún kejì ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn kan ní kíláàsì wa máa ń mọ ohun tó máa jáde nínú ìdánwò. Mo ṣebí orí wọn ló pé. Àṣé ìdí ọtí ni. Bó bá di alẹ́ Fúráìdeè, wọ́n á pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń sunran, àwọn tó ti ṣáájú wa á kó past question fún wọn, wọ́n á sọ olùkọ́ tí kì í fẹ́ kéèyàn kọ̀wé gbọọrọ, wọ́n á sọ ibi tí yàrá ti máa ṣófo.

Lèmi náà bá ń lọ. Malt ni mò ń rà. Ìgò á ti làágùn, bébà ara rẹ̀ á ti rọ̀, màá fi èékánná họ ọ́ kúrò. Iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ kúkú. Àǹtí tó ń gbé ọtí wá nìkan ló mọ̀, á ti ṣí i wá láti ẹ̀yìn, á ní, "Bùrọ̀dá, èyí tó le yẹn rè é o."

Ohun tó ń dùn mí ni ti ìyàwó ilé kan tá a jọ wà ní kíláàsì. Ó mọ̀wé jù mí lọ, kò sì lè débẹ̀ láé. Past question wà lápò mi, mi ò fún un. Ẹ̀rù ń bà mí kó má bàa bi mí pé níbo ni mo ti rí i.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀fà: Ẹ̀yin ọkùnrin rí malt fi bojú. Àwa, bá a bá mu malt, wọ́n á ní a fẹ́ sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì. Bá a bá mu bíà, wọ́n á ní a ti gbà. Èmi máa ń ra tèmi ni, kí wọ́n ṣí i lójú mi. Bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, màá gbé e dání.

Ọmọ Adẹ́mu: Bàbá mi ń dá ẹmu lẹ́yìn Òró. Lọ́dún àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní hostel, mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan bọ̀ láti ilé. Bàbá ní kí n má ṣe dé e pa, kí n fi ewé dí i lẹ́nu, torí ẹmu kì í sinmi. Ewé kẹ̀? Ọmọ yunifásítì! Mo dé e pinpin. Nígbà tá a fi máa kọjá Àjàṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì ti wú bí ikùn aboyún. Ká tó dé Gánmọ́, ìdérí fò, pàá! Ẹmu ru sórí hìjáábù Alájà tó jókòó níwájú mi.

Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Alájà ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi omi ṣan ara, ó wọlé padà. Ó wá yíjú sí mi: "Bàbá ẹ ò sọ fún ẹ pé ewé ni wọ́n fi ń dí i ni?"

Ìdajì tó kù ti ń kan kí n tó dé yàrá. Síbẹ̀ èèyàn mẹ́sàn-án ló wá bá mi mu ún. Lọ́dún tí bàbá mi kú, mẹ́fà nínú wọn ló tẹ̀ lé mi dé Òró.

Ọlọ́ràá: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́ni jókòó tì! Ọtí inú ọ̀rá ni tèmi, kó tó di pé NAFDAC gbógun tì í ní 2024. Kò wọ́n, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń pè síbi ọ̀rá. Ọjọ́ kan ni mo gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ka mọ́kànlélógún.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀fà: Ọlọ́ràá, pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ Pàkátà, ìyàwó ilé yẹn ńkọ́?

Ọmọ Pàkátà: Ó ṣáájú mi gba àbájáde tó dáa. Wọ́n pè mí síbi wòlímọ̀ ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́sí. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé malt wá bá mi, ó ní, "Ẹ má bínú, a ò ní èyí tó le."