Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò níbi iṣẹ́, ọ̀gá ò sì fẹ́ yí i padà

akáǹtì_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Èmi ni mò ń ṣe àkáǹtì fún kọ́ńpìnnì kan tó ń kó oògùn fáwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, gbogbo wa ní ọ́fíìsì, orúkọ kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan la fi ń wọ sọ́fítíwíà, látorí ọ̀gá dórí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sórí bébà lẹ̀ mọ́ mọ́nítọ̀, ẹni tó bá yọjú sí káńtà á kà á. Ọ̀gá ní kọ́ńpìnnì wa ò tóbi débi tólè á máa wò ó, pé tí kálukú bá ní tiẹ̀, ọjọ́ tẹ́nì kan ò bá wá, iṣẹ́ á dúró. Ní báyìí ímeèlì kan wọlé lórúkọ àwọn tó ń kó ọjà fún wa l'Ékòó, ó ní àwọn ti pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, lógò wọn wà níbẹ̀, iye tá a jẹ wọ́n gan-an wà níbẹ̀. Mi ò tíì san. Èkejì, ọmọbìnrin kan tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kò jáde nínú Gmail ara ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀gá wá ní kí n bá òun wo inú ẹ̀ bóyá ó ń bá àwọn kọ́sítọ́mà wa sọ̀rọ̀. Ara mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

tẹ́kìníṣán_Àkúrẹ́:
Ti ímeèlì yẹn ká kọ́kọ́ sọ, torí òun ló lè kówó lọ lónìí. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ pe àwọn ará Èkó yẹn lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ń pè tẹ́lẹ̀ o, ẹ má pe èyí tó wà nínú ímeèlì náà, olè á ti kọ tiẹ̀ síbẹ̀, òun náà láá gbé e táá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ti pààrọ̀. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó fi ránṣẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ r àti n pọ̀ kó lè jọ m, lójú fóònù ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni iye tẹ́ ẹ jẹ tí wọ́n mọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti máa ka ímeèlì yín tàbí tiwọn. Tọ́gá bá sì ń sọ̀rọ̀ pé ẹ kéré, Google àti Facebook tó tóbi náà bọ́ sọ́wọ́ irú olè bẹ́ẹ̀: láàárín 2013 sí 2015, ọkùnrin ará Lithuania kan ń fi ínfóìsì ayédèrú ránṣẹ́ sí wọn lórúkọ ilé iṣẹ́ Taiwan kan tí wọ́n ń bá dòwò lóòótọ́, wọ́n san lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún 2019 nilé ẹjọ́ l'Amẹ́ríkà tó rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

ìyá_oníṣọ́ọ̀bù:
Oníṣòwò lèmi náà, mo mọ̀dí tọ́gá yín ò fẹ́ kíṣẹ́ dúró. Àmọ́ lọ́jọ́ tówó bá dín, tẹ́ ẹ ṣí ibi tí sọ́fítíwíà ń kọ ohun tí kálukú ṣe sí, orúkọ kan náà lẹ máa rí látòkè délẹ̀. Admin ló pa ínfóìsì rẹ́ ní aago méje alẹ́. Admin wo? Ẹ̀yin akáǹtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì mú, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan fi hàn pé ẹ ti délé nígbà yẹn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lé ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ báyìí, dòní olónìí kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló mú un tàbí òun kọ́, ó ń dùn mí gan-an. Kálukú kó ní tiẹ̀, kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè kọ ọjà sílẹ̀ àmọ́ kó má lè pa nǹkan rẹ́. Tówó bá fẹ́ jáde ní báńkì, kẹ́nì kan gbé e kalẹ̀, kẹ́lòmíì fọwọ́ sí i, báńkì máa ń ṣe é fún àkáǹtì kọ́ńpìnnì.

lọ́yà_Ọ̀yọ́:
Ẹ má wo inú Gmail yẹn rárá. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ tí aráàlú ń bá ara wọn sọ, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 tún wà fẹ́ni tó bá wọ ibi tí wọn ò fún un láyè, ọwọ́ yín ló sì máa wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jáde nínú ẹ̀, ẹ fi tó ọmọ náà létí. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀gá ní ìdí o, àmọ́ ibi tó yẹ kó wò nìyí: ọmọ yẹn ṣì mọ pásíwọ́ọ̀dù yín! Tí sọ́fítíwíà yín bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè wọ̀ ọ́ látilé ẹ̀. Àkáǹtì tí wọn ò lò mọ́ tí wọn ò sì tì, tó jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù nìkan ló ń ṣọ́ ọ, làwọn olè gbà wọ Colonial Pipeline, kọ́ńpìnnì tó ń fi páìpù gbé epo l'Amẹ́ríkà, ní 2021, kọ́ńpìnnì náà san 75 bitcoin, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún wọn. Tí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn kọ́sítọ́mà bá sì jò síta tó lè pa wọ́n lára, òfin ààbò dátà ti 2023 ní kẹ́ ẹ sọ fún àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà láàárín wákàtí 72.

akáǹtì_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo pè wọ́n l'Ékòó, wọn ò pààrọ̀ àkáǹtì kankan, wọ́n ti ń yẹ ímeèlì tiwọn wò. Mo sọ fún ọ̀gá pé mi ò lè ka Gmail ọmọ yẹn, ó dákẹ́, kò bínú. Ó ti gbà kí kálukú ní tiẹ̀, ó ní ká fi kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi SMS ránṣẹ́ téèyàn bá fẹ́ wọlé kún un, pé ìyẹn ti tó. Ṣé ó tó?

tẹ́kìníṣán_Àkúrẹ́:
Ó sàn ju pásíwọ́ọ̀dù nìkan lọ, àmọ́ tí olè bá gba nọ́ńbà yín sórí SIM tuntun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín á kú, kọ́ọ̀dù á máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ lo ápù bíi Google Authenticator, nọ́ńbà mẹ́fà ló máa ń gbé jáde, ó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kẹ́nikẹ́ni má sì kà á fún èèyàn lórí fóònù, bó pe ara ẹ̀ ní báńkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ímeèlì kọ́ńpìnnì kẹ́ ẹ tó dé sọ́fítíwíà, torí ẹni tó bá ti wọ ímeèlì yín lè tibẹ̀ yí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù yòókù padà.