Ọjọ́ tí mọ́tò yín gbá mọ́tò, kí ni ìnṣọ́ránsì ṣe fún yín?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ tààrà: èmi ni mo jẹ̀bi. Òjò ń rọ̀ ní Ìwó Róòdù n'Íbàdàn, takisí Micra kan dédé dúró gbé èrò láàárín títì, Camry tó wà níwájú mi tẹ bíréèkì, tèmi ò tètè mú. Gbàà! Iná ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì fọ́ wẹ́wẹ́, bọ́ńpà ń wọ́lẹ̀. Omi rédíétọ̀ tèmi ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Bàbá tó ni Camry ò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ní ìnṣọ́ránsì?" Ọkàn mi balẹ̀, mo fa pátíkúlà yọ. Bàbá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sórí askNIID, ìkànnì tí wọ́n fi ń yẹ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wò, lórí fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó yí i sí mi: kò sóhun tó jọ ọ́ níbẹ̀. Ayédèrú ni ẹni tó bá mi ṣe pátíkúlà tẹ̀ lé mi lọ́wọ́! Bẹ́ẹ̀, ìwé ọ̀hún ní òǹtẹ̀, ó ń dán yinrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pín owó àtúnṣe Camry san láti àpò ara mi. Bàbá ṣàánú mi ni o. Ká ní ó pe ọlọ́pàá ni, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, torí ó pẹ́ tí òfin ti sọ third party, ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni tí a bá gbá, di dandan.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi. Ojúlówó third party ni tèmi, ₦15,000 tí wọ́n sọ ọ́ dà ní 2023 (ẹ rántí pé ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀). Mo ń ríbáàsì lọ́jà Bódìjà ni mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹnìkan. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gba ìwé ọlọ́pàá, fọ́tò, àti iye tí pánẹ́ẹ̀bítà kọ. Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́ ni pé mo ti sọ fún ọkùnrin náà lójú títì pé "màá san án." Akọ̀wé ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì fẹjú mọ́ mi: "Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣèlérí kẹ́ ẹ tó pè wá?" Wọ́n ṣáà san án. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè bọ́ńpà tèmi, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ti ẹlòmíì nìkan ni third party ń tún ṣe, kò sì ju ₦3 mílíọ̀nù lọ lórí dúkìá. Comprehensive ló ń tún tẹni ṣe, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Bọ̀dá, ẹ ò mú ẹni tó ta ayédèrú fún yín ni?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Mo lọ síbẹ̀, mà. Ẹni tó ń dín àkàrà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún báyìí.