Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìmọ̀ràn lórí ápù sísè tí a ń rọ sínú ìgò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń se ápù títí tí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Ní ìpínlẹ̀ Michigan tí mò ń gbé, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni ápù máa ń pọ̀ jù lọ, mo sì fẹ́ se èyí tí àwọn ọmọ mi yóò máa jẹ títí di ìgbà òtútù, láìfi ṣúgà kankan sí i.

McIntosh, irú ápù tí kì í pẹ́ fọ́ lórí iná, ni mo máa ń pò mọ́ Gala, irú ápù mìíràn tó dùn. Sísè rẹ̀ kò ni mí lára. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú mi lójú ni ìgbà tí mo bá rọ ọ́ sínú ìgò, tí mo dé e, tí mo sì tún se ìgò náà nínú omi híhó: ápù máa ń yọ jáde lábẹ́ ìdérí, a sì lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ń fi àyè ìdajì íńṣì sílẹ̀ lókè, tí mo sì ń se ìgò oníwọ̀n páíǹtì kan (bí ìdajì lítà) fún ìṣẹ́jú 15, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ṣe là á sílẹ̀. Ṣé afẹ́fẹ́ tó há sínú ápù ló ń tì í jáde ni, àbí torí pé mo ń tètè yọ ìgò kúrò nínú omi?

Ìgò tó bá jò báyìí, ṣùgbọ́n tí ìdérí rẹ̀ mú dáadáa, tí kò ta sókè nígbà tí mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ṣé mo lè gbé e sórí pẹpẹ láìséwu fún àwọn ọmọ, àbí inú fíríìjì ni kó wà?