Ìdánwò eré LAMDA: ó ti há a sórí tán, kí ló tún kù?

Ìyá Ìkéré: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkéré ni mo wà báyìí, a wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ màmá mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni olùkọ́ eré rẹ̀ ní Leeds ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò LAMDA (ìdánwò eré orí ìtàgé tí ilé-ẹ̀kọ́ eré kan ní London ń ṣe), Gíréèdì 2, lóṣù kọkànlá. Eré méjì ni, ó sì ti há méjèèjì sórí. Àmọ́ lánàá ó ṣe é lójú màmá, màmá ní, "Ó dáa. Ta wá ni ó ń bá sọ̀rọ̀?" Ọmọ dákẹ́, kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n Ìyìn, Croydon: Àbúrò, ìbéèrè tí màmá bi í yẹn gan-an ni ìdánwò náà! Ọmọkùnrin mi ti ṣe Gíréèdì 1 títí dé 4, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àhásórí ni kékeré ibẹ̀. Bí ó bá ti ṣe eré tán, olùdánwò á bá a jókòó sọ̀rọ̀: kí ni ọ̀rọ̀ báyìí túmọ̀ sí, báwo ló ṣe rí lára ẹ̀dá inú eré náà, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó dé ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi ni mo kọ ìdáhùn fún ọmọ, ó sì kọ́ ọ bíi kátíkísìmù. Olùdánwò gba ẹ̀yìn bi í, gbogbo rẹ̀ tú ká.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà nílé, ẹ jẹ́ kó jókòó ti màmá lálẹ́, kó sọ ìtàn eré náà fún un ní Yorùbá, bí ẹni ń pàlọ́. Kì í ṣe ibi tó há sórí nìkan o, ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀ ni. Màmá kò mọ eré yẹn rí, kò sì ní ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ibi tí kò bá yé e, á ní kí ọmọ padà sẹ́yìn. Ibi tí ọmọ bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kò tíì yé òun náà.

Ti ojú náà ńkọ́? Kó má tẹjú mọ́ olùdánwò bí ẹni pé òun ló ń bá ṣeré. Kó mú ibì kan lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí olùdánwò, kó fi ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Bí ẹni náà bá ga jù ú lọ, kó wòkè díẹ̀. Bí ẹni náà bá rìn, kí ojú rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọmọ Ìjerò, Dublin: Ẹ jọ̀ọ́, ti ohùn ńkọ́? Ọmọ tèmi ń sọ̀rọ̀ bíi èmi bàbá rẹ̀, Èkìtì pọ́ńbélé.

Ẹ̀gbọ́n Ìyìn, Croydon: Ẹ fi í sílẹ̀! Kò sẹ́ni tó ní kó máa sọ̀rọ̀ bí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọ̀rọ̀ ṣáà dún ketekete, kó dé ẹ̀yìn yàrá láìpariwo. Àwa gan-an la máa ń kọ́ wọn láti pariwo, a rò pé eré nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Luton: Ẹ má ran aṣọ o. Èmi ran ẹ̀wù ọba, mo tún fi òwú ṣe irùngbọ̀n, olùkọ́ ní kí n gbé e padà sílé. Aṣọ ṣákálá tó lè fi bẹ̀rẹ̀, tó lè fi sáré, bàtà tí kì í dún, kí irun má bo ojú. Ó parí. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ eré méjèèjì tó ṣeé kà dáadáa, ẹ mú un dání fún olùdánwò. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kéde orúkọ eré, ẹni tó kọ ọ́, àti ẹ̀dá tó fẹ́ ṣe. Ìkéde yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kó fi dánra wò; ibẹ̀ ni tèmi ti gbàgbé.

Ọmọ Ìjerò, Dublin: Kí wá ni èrè rẹ̀? Ìyàwó mi ní máàtì (ìṣirò) ló kàn.

Ìyá Ìbejì, Luton: Ha, ẹ̀yin ará Èkìtì àti ìwé! Tó bá dé Gíréèdì 6 sí 8, ó ń mú máàkì UCAS (àjọ tí wọ́n ń gbà wọ yunifásítì ní UK) wá fún àtiwọ yunifásítì. Gíréèdì 8, ẹni tó kàn yege á gba 24, ẹni tó ṣe dáadáa (Merit) 27, ẹni tó tayọ (Distinction) 30. Ṣùgbọ́n tèmi kì í lè dáhùn ní kíláàsì tẹ́lẹ̀, báyìí ó ń nawọ́. Ìyẹn tó mi.

Ìyá Ìkéré: Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo dán ti ẹ̀gbọ́n wò lálẹ́ yìí. Ìtàn kò tíì dé àárín tí màmá fi ní, "Kí ló dé tí kò kúkú tọrọ àforíjì?" Ọmọ ronú, ó ní ojú ló ń ti ẹ̀dá inú eré náà, torí àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde tún un ṣe. Ibi tó ti máa ń pariwo, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Iná ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n màmá ti ní kó padà wá lọ́la, òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí.