"Ọ̀pọ̀lọ́ òjò" kò lè jẹ́ orúkọ gbogbo wọn

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ọ̀pọ̀lọ́ òjò" fún àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí Gẹ̀ẹ́sì so òjò mọ́ lórúkọ ("rain frog"), kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè rí i lò. Mo júbà, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i báyìí, nítorí agboolé méjì tí kò bá ara wọn tan ni Gẹ̀ẹ́sì kó sábẹ́ orúkọ kan. Breviceps ti gúúsù Áfíríkà rí roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, inú ilẹ̀ ló ń gbé, òjò ló sì ń pè é jáde. Ìyẹn yẹ ní ọ̀pọ̀lọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò fojú ọbẹ̀ wò ó. Pristimantis inú igbó Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ẹ̀yà rẹ̀ ju 500 lọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àkèré ni lójú ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Àkúrẹ́ lásìkò òjò.

Ẹlòmíràn ní kí a wo ara àwọn Pristimantis yìí, kí a pe irú kan ní "àkèré ẹlẹ́gùn-ún". Ara yẹn gan-an ló ń tan àwọn onímọ̀ jẹ. Ní Ecuador, onímọ̀ nípa ẹ̀dá Katherine Krynak mú ọ̀kan nínú wọn tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki sínú ife. Nígbà tó gbé e sórí ike funfun lọ́jọ́ kejì láti ya fọ́tò rẹ̀, ara náà ti rí jọ̀lọ̀, ó sì rò pé òun ṣi àkèré mú. Ó dá a padà sínú ife pẹ̀lú ewéko tútù, ẹ̀gún sì tún yọ. Pristimantis mutabilis ni wọ́n sọ ọ́ ní 2015. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 àti ààbọ̀ ló fi ń pa ara dà. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú wọn mọ̀ ní láti gba igbe wọn sílẹ̀, kí ó sì yẹ DNA wọn wò.

Ìbí agboolé méjèèjì ni kí a wò. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, ọmọ tó ń jáde a sì ti pé tọwọ́ tẹsẹ̀, láìla ìgbà onírù kọjá nínú omi. "Àkèré aláìlódò" tí a ti gbé yẹ̀ wò kò mú èyí, torí odò kọ́ ni Sclerophrys perreti, ọ̀pọ̀lọ́ òkè Ìdànrè tó pòórá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún rí i ní 2013, ń tọ́ ọmọ sí. Síbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nírù, ara àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gbé.

Àbá tèmi ni "àkèré apamọ". Adìyẹ la máa ń sọ pé ó pamọ, torí òròmọdìyẹ a máa jáde tẹnu tẹsẹ̀. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bí ẹni tó pa ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ní adìyẹ pamọ mẹ́wàá, ta ló ń pè é ní apànìyàn? Breviceps náà ń pamọ, àkèré Arthroleptis inú igbó tiwa níhìn-ín sì ń pamọ. Kí "apamọ" jẹ́ orúkọ àpapọ̀, kí "àkèré apamọ orí ewé" jẹ́ ti Pristimantis, kí a sì fi "ọ̀pọ̀lọ́ òjò" sílẹ̀ fún Breviceps nìkan.