Ata rodo ń jó mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà tutù. Iná wo nìyí?

Ìyá Bọ́lá, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ata ni mò ń tà ní ọjà Odò-Ògbè: rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀. Láti ìdájí la ti ń tú àpò, tí a ó máa ṣa èyí tó rà kúrò, tí a ó sì máa yọ igi ìdí ata fún oníbàárà tó bá ní kí a bá òun lọ̀ ọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọwọ́ mi kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí mo ti délé, ni iná á ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn. Á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná, á gba ẹ̀yìn ọwọ́, á dé ọrùn ọwọ́. Omi ìwẹ̀ tí Bọ́lá fọwọ́ kàn tó ní kò tilẹ̀ lọ́wọ́ọ́ tó, tí n bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ariwo ni n ó pa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá Bọ́lá di ọwọ́ ọ̀hún mú, wọ́n ní ó tutù. Mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi, ó tutù lóòótọ́. Kò wú, kò bó. Níbo wá ni iná yìí wà?

Àwọn adìyẹ agbolé wa náà ń kó mi ní háà. Bí mo bá da ata tó ti rà sẹ́yìnkùlé, wọ́n á ṣà á jẹ tòun ti kóró, wọn ò ní ju orí sọ́tùn-ún sósì.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ti ìyá mi. Àwọn ló fi mí sẹ́nu òwò yìí. Tẹ́lẹ̀, bí ata bá ta wọ́n, gbogbo ilé ló ń mọ̀. Ní báyìí, wọ́n á la ata rodo láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á ní àwọn ò mọ nǹkan kan lára, pé ọwọ́ àwọn ti gbó. Ṣé bí ọwọ́ ṣe ń gbó nìyẹn? Ṣé èmi náà á débẹ̀?

Àkànní Mọ̀ọ́rẹ̀:

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Bọ́lá. Ẹ má fi omi nìkan ṣan ọwọ́ yẹn mọ́. Ìyàwó mi máa ń bá àwọn olóde ṣe ata. Epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà ló ń kọ́kọ́ fi ra ọwọ́ dé abẹ́ èékánná, kó tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó máa ń rọlẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mi ò lè sọ.

Nọ́ọ̀sì Ìṣokùn, Iléṣà:

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí ọjà yín. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, egbò wíwẹ̀ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún mi ṣe. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi gan-an ni.

Kò sí iná kankan lọ́wọ́ yín. Ìròyìn iná ló wà níbẹ̀. Òkè pátápátá awọ ara wa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó to léra wọn. Ó nípọn ní àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́lẹ́ ní ẹ̀yìn ọwọ́, ó tún wá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpéǹpéjú. Lábẹ́ wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè wà, orí àwọn iṣan ìmọ̀lára sì na wọ àárín wọn, tín-ín-tìn-ìn-tín, láìda nǹkan kan bora. Lára orí iṣan wọ̀nyí ni ilẹ̀kùn kéékèèké kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TRPV1. Tí ohun tó kàn wá bá ti gbóná tó nǹkan bí 43°C, ilẹ̀kùn yìí á ṣí, iṣan á sì ránṣẹ́ lọ sínú eegun ẹ̀yìn, ó di ọpọlọ: iná ń jó wa o! Èròjà tó ń ta nínú ata, tí wọ́n ń pè ní capsaicin, ilẹ̀kùn yìí kan náà ló ń ṣí, láìsí ìgbóná kankan. Iṣan kan náà ló gbé e, ọ̀nà kan náà ló gbà, ọpọlọ ò sì lè mọ̀ pé ata ni.

Ó ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ nípọn, díẹ̀díẹ̀ ni capsaicin ń wọlẹ̀ dé ibi tí iṣan wà. Ti omi ìwẹ̀ náà kò ṣòro: nígbà tí capsaicin bá ti wà lára ilẹ̀kùn yẹn, ìgbóná tí kò tó nǹkan á ti ṣí i. Ẹ fi omi tútù wẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ń jó yín. Ìyàwó Àkànní sì gba ọ̀nà tó dáa, torí capsaicin kì í pò mọ́ omi, òróró ló ń bá lọ, ọṣẹ á wá kó àwọn méjèèjì dànù. Ṣùgbọ́n tó bá ta sí ojú, ẹ má fi òróró kan ojú o! Omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i, kí ó pọ̀. Kóró sì kọ́ ló ń ta jù nínú ata, awọ funfun tí kóró so mọ́ ni, nítorí náà ẹ wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ẹ bá fẹ́ la ata.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ara yìí tó ṣì ń jọ mí lójú títí dòní. Iṣan tó ń mọ ata lára lórí ìka yín, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni. Ìdí sẹ́ẹ̀lì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ọrùn. Ibẹ̀ ló ti na ara rẹ̀ gba èjìká, gba ìgbọ̀nwọ́, títí dé orí ìka. Ti ẹsẹ̀ tún gùn jù ú lọ: láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀, ó tó nǹkan bíi mítà kan lára àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ohun tí òpin iṣan nílò láti máa wà láàyè, ìdí ọ̀hún ló ti ń rìn wá, gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi yín nípa màmá. Lóòótọ́, bí capsaicin bá ń wọ iṣan lemọ́lemọ́, iṣan á dákẹ́, kò ní dáhùn fún ìgbà kan. Àwọn dókítà ń lo èyí fún ìwòsàn: wọ́n ń lẹ oògùn tí capsaicin rẹ̀ tó 8% mọ́ ara ẹni tí iṣan ń dùn. Ṣùgbọ́n iṣan mìíràn ló ń mọ ìfọwọ́kàn. Ẹni tí ata nìkan bá ṣe lọ́wọ́ á ṣì mọ̀ bí òwú bá kàn án. Ṣé ata nìkan ni màmá ò mọ̀ lára mọ́? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?

Ọmọ Yunifásítì, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn ti adìyẹ. Ẹyẹ náà ní TRPV1, iná gidi sì ń jó o, ṣùgbọ́n tiwọn ò dá capsaicin lóhùn. Ẹyẹ igbó á gbé kóró ata mì, á ṣu ú síbòmíràn, ata á hù níbẹ̀. Ní 1997 ni David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní California, ní Amẹ́ríkà, rí ilẹ̀kùn yìí, ata gan-an ni wọ́n sì fi wá a kàn. Ní 2021 wọ́n fún òun àti Ardem Patapoutian ní ẹ̀bùn Nobel. Patapoutian ló wá ilẹ̀kùn tó ń mọ̀ bí nǹkan bá tẹ ara. Ilẹ̀kùn òtútù náà wà, TRPM8, òun ni menthol inú Robb ń ṣí tí iwájú orí fi ń tutù nini nígbà tí a bá fi pa á.

Ìyá Bọ́lá, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì, mo pe ìyá mi lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí mo ka èsì yín. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti ń kú tipiri tipẹ́, pé láti ọmọ-ìka ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ tó bá a lọ. Sílípáàsì a máa yọ lẹ́sẹ̀ wọn lójú ọ̀nà, wọn ò ní mọ̀ títí ẹnì kan á fi pè wọ́n. Wọ́n ń dìde tọ̀ lóru ṣáá. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni, kí n má da ara mi láàmú.

Nọ́ọ̀sì Ìṣokùn, Iléṣà:

Ọmọ mi, ata ò dé ẹsẹ̀. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí rárá.

Nígbà tí nǹkan bá ń ba iṣan jẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kú. Tó bá ti gun ojúgun dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ìka ọwọ́ á wá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ṣe to ti màmá yín gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń fa èyí jù, ìtọ̀ òru yẹn sì ń tọ́ka síbẹ̀ náà. Nǹkan mìíràn tún lè fà á, bíi kí fítámì B12 má tó lára. Dókítà ni yóò mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn.

Ẹ mú wọn lọ sí ọsibítù lọ́la láàárọ̀, kí wọ́n má tíì jẹun, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Tó bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òǹkà mg/dL, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kó lè dá wọn lójú. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò pẹ̀lú. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n á máa fi tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, màmá á di ojú, wọ́n á máa sọ ìgbà tí ó bá kàn wọ́n.

Lálẹ́ òní, ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín ọmọ-ìka fínnífínní. Ẹni tí kò mọ ìrora lẹ́sẹ̀ lè gun ìṣó kó sì máa rìn lọ. Kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kí wọ́n má yá iná, kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, nínú ilé pàápàá. Tí ẹ bá rí egbò, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi han àwọn dókítà lọ́la yẹn. Bí èsì bá jáde, ẹ kọ nọ́ńbà náà síbí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí ìwé.