Fídíò ẹni tí orí ẹ̀ dàrú tí wọ́n ń pín kiri: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Abíọ́lá Tanke: Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá ti wọ ilé ẹ̀ rí, kí ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí wọ́n ń jù sí WhatsApp fojú yín rí? Torí fídíò ọmọbìnrin tí wọ́n yà ní Post Office n'Ílọrin láàárọ̀ yìí ni mo ṣe ń bèèrè. Kí ẹnikẹ́ni má fi síbí o.

Ìyá Haleemah: Àbúrò mi ọkùnrin ni tèmi. Ó ń múra ìdánwò lọ́wọ́, kò sùn, ó ń dá sọ̀rọ̀, ló bá fi ṣòkòtò péńpé nìkan jáde sí títì ní Gerí Alímí, làwọn èèyàn bá yọ fóònù. Kí n tó débẹ̀ fídíò ti dé orí fóònù mi, wọ́n kọ ọ́ sí i pé "ọmọ Yahoo ti ya wèrè". Ọmọ tó ń gba owó data lọ́wọ́ mi! A gbé e lọ ọsibítù, ó lo oògùn, ara ẹ̀ balẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àmọ́ ilé ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ ní Ọ̀fà rí fídíò yẹn, ni wọ́n bá dá ẹrù ìdána wa padà.

Ọmọ Ìjàkadì: Ará Ọ̀fà kì í ṣe báyẹn o.

Ìyá Haleemah: Ẹ wá gbé ẹrù ọ̀hún nílé mi kẹ́ ẹ fi dá ara yín lójú.

Alfa Sulu: Subhanallah. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ti ọsibítù, àlùjànnú wà.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Òyì: Alfa, ẹ ka rukiya yín, àdúà ìwòsàn yẹn, kó sì máa lo oògùn ẹ̀, ìjà ò sí níbẹ̀. Àwòrán ló ń bí mi nínú ní tèmi. Tí wọ́n bá ti fẹ́ kọ nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àfi kí wọ́n fi wèrè onídàda tó ń jẹun lórí ààtàn sí i, tàbí òyìnbó kan tó gbá orí mú nínú òkùnkùn. Ẹni tó wọ léèsì lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo èèyàn, tó délé tí kò lè sùn, á wo àwòrán yẹn á ní "tèmi ò tíì tó báyẹn", kò ní wá. Ẹ sì jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá gbẹ̀mí ara ẹ̀, ẹ yéé kọ bó ṣe ṣe é. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, pàápàá ti kìlọ̀ fáwọn oníròyìn lórí ìyẹn.

Kẹ́hìndé Òmù-Àrán: Àwọn ọmọ TikTok náà ti bà á jẹ́. Wọ́n á paná yàrá, wọ́n á fi orin arò sí i, "mo ní dìpírẹ́ṣọ̀n". Bọ̀ìfúrẹ́ǹdì ló já a sílẹ̀!

Abíọ́lá Tanke: Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní kò ṣe é. Ẹni tó ń sunkún, ẹ ní ó ń ṣe àṣehàn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é gan-an?

Kẹ́hìndé Òmù-Àrán: Sápà ló ń ṣe wọ́n jàre.

Bàbá Rámọ́ọ̀tù: Wèrè tó bá ti wọjà kò ṣe é wò mọ́.

Ìyá Haleemah: Bàbá, ẹ kà á láti òkè kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ní!

Sàkà: Ṣé kò sófin tó lè mú àwọn tó ń ṣe báyìí fún aláìsàn ni?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Òyì: Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní January 2023, òun ló rọ́pò Lunacy Act, òfin wèrè àtijọ́. Ó ní kí wọ́n má fi àìsàn ọpọlọ du èèyàn níṣẹ́ tàbí ilé gbígbé.

Sàkà: Ìyàwó ńkọ́?

Ọmọ Ìjàkadì: Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Àjàṣẹ́. Ìyá Haleemah, ẹ wá inbox.